Owú Àkùkọ ní Ìdájí Àjíǹde

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹnu yín ò dùn rárá. Àbí ẹ̀bà ti dí yín lọ́fun ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ ooo!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó wá jọ ọ̀rọ̀." Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní, ó sì lé Oyèníyì kúrò lórí etí aṣọ rẹ̀. "Àlọ́ mi gbéra, ó fò lókè, kò bà lórí igi, kò bà lórí àjà, àfi gbàgà lórí Àkùkọ, lọ́dún tó lọ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì."

"Àkùkọ lọ sílé ìwé?" Àríkẹ́ bi í.

"Ìwọ náà ń lọ, kí ló dé tí Àkùkọ ò ní lọ? Gbọ́ àlọ́."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, Àkùkọ ń gbé ní ìlú Ìsàlẹ̀-Ọ̀wawà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Òun ló ń jí ìlú. Bí Àkùkọ ò bá tíì kọ, àgbẹ̀ ò ní gbé àdá, ìyàwó ilé ò ní dáná, ẹnikẹ́ni ò ní ṣílẹ̀kùn. Bó bá sì kọ tán, onílé kọ̀ọ̀kan á da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sẹ́nu ọ̀nà fún un.

Ti ọdún Àjíǹde ló wá ga jù. Ní ìdájí ọjọ́ náà, kíkọ Àkùkọ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé fìtílà jáde, kí wọ́n máa kọrin Àjíǹde láti ojúlé dé ojúlé. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bí gbogbo ìlú bá ń lọ sí Gálílì, tí wọ́n gbé ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín lọ jẹ lábẹ́ igi létí odò, Àkùkọ ló ń ṣáájú. Á gbé àyà síwájú, á máa yan fanda.

"Ayé ń yẹ ẹ́ o," ni Oyèníyì wí.

"Ayé yẹ ẹ́ títí Tíṣà fi dé."

Tíṣà Ṣówándé kó ìwé dé, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, ó kó gbogbo wọn jọ. Ó ní: "Lọ́dún yìí, ẹnì kan nínú yín ni yóò dúró níwájú ìlú ní òwúrọ̀ Àjíǹde, yóò sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn bí Jésù ṣe jíǹde, láìwo ìwé. Ẹni náà ni yóò gbé imọ̀ ọ̀pẹ ṣáájú wa lọ sí Gálílì."

Àkùkọ rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ewúrẹ́ tó jókòó tì í.

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ṣé ìwọ ni? Ta ló lóhùn jù mí lọ ní ìlú yìí?"

"Kò sí o," ni Ewúrẹ́ wí. Ṣọ́ọ̀kì Tíṣà ló ń jẹ lọ́wọ́, kò ráyè ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni àlejò kan wọlé. Ayékòótọ́ ni. Inú igbó ló ti wá, ìrù rẹ̀ pupa, ojú sì ń tì í. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àkùkọ náà: "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n." Àkùkọ dá a lóhùn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Tíṣà ní: "Ohun tí a ń ṣe lónìí àti èyí tí a ti ṣe lánàá, ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, ai go. Lánàá, ai wẹ́ǹtì. Àkùkọ, lánàá ńkọ́?"

Àkùkọ na ọrùn. "Lánàá, ai go-kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀ẹ́!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Jókòó," ni Tíṣà wí. "Ayékòótọ́, lánàá ńkọ́?"

"Lánàá, ai wẹ́ǹtì, sà."

"Ó káre! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ta Àkùkọ lára bí ata. Kò rí oorun sùn lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ mìíràn, Tíṣà ní bí ọdún Àjíǹde bá dé nílùú òyìnbó, wọ́n máa ń kun ẹyin ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọn á fi í pamọ́ sínú koríko, àwọn ọmọ á sì máa wá a kiri. Ó ní kí olúkúlùkù mú ẹyin kan wá, kí àwọn fi kọ́ orúkọ àwọ̀.

"Ẹyin ta ni?" Àríkẹ́ bèèrè.

"Ọmọ mi, bí ìyàwó Àkùkọ ṣe bèèrè gan-an nìyẹn!"

Àgbébọ̀ fò dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. "Tíṣà, ẹyin ta ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹyin ta ni?" Tíṣà tọrọ àforíjì kíá, ó ya ẹyin sára pátákó. Ó fi ewé kun ọ̀kan, ó fi osùn kun ọ̀kan, ó fi àtalẹ̀ pupa kun ọ̀kan.

Ta ló mọ orúkọ wọn? Ayékòótọ́ náà ni. "Gíríìnì, sà. Rẹ́ẹ̀dì, sà. Yẹ́lò, sà."

"Ẹ gbà mí o," Àkùkọ ń sọ sínú. "Ẹyin ilé mi ni ará oko yìí fi ń gbayì! Kò yé ẹyin, kò láya tó ń yé ẹyin!"

Àkùkọ ń jowú, ẹ̀yin ọmọ mi. Owú gidi. Bí Ayékòótọ́ bá rẹ́rìn-ín, ó ń dùn ún. Bí wọ́n bá pe Ayékòótọ́, ó ń dùn ún. Àgbàdo tí wọ́n ń dà sílẹ̀ fún un gan-an, bó ti ń ṣà á jẹ ló ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà Ayékòótọ́, bóyá wọ́n ti ń da tirẹ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ayékòótọ́ wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́, ká jọ máa kà á. Ẹ ò jìnnà sí i rárá. Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀ẹ́ ìparí yẹn nìkan ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Àkùkọ jágbe mọ́ ọn. "Kí wọ́n tó yé ẹyin rẹ ni mo ti ń jí ìlú!"

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, Tíṣà dárúkọ ẹni tí yóò sọ ìtàn. Ayékòótọ́ ni. Àkùkọ wo ilẹ̀, kò gbójú sókè.

Ayékòótọ́ tún tọ̀ ọ́ wá. "Ẹ̀gbọ́n, oorun mi wúwo, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ kíkan-kíkan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

"Má ṣèyọnu," ni Àkùkọ wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé: "Mi ò ní kọ."

"Ẹ ò ní ṣe kí ni?"

"Mi ò ní kọ! Bí mi ò bá kọ, ìlú ò ní jí. Bí ìlú ò bá jí, ta ni yóò sọ ìtàn fún? Oòrùn á là bá gbogbo wọn lórí ẹní. Wọn á wá mọ̀ pé èmi ni mo nílùú."

Àgbébọ̀ mi orí. "Baálé mi, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ẹ kọ tiyín, ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀."

"Mi ò gbọ́!"

"Ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀ o." Àgbébọ̀ pa ojú rẹ̀ dé, ó sùn.

Ìdájí Àjíǹde dé. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún Àkùkọ. Ó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́, ó ń fi owú kọrin nínú ikùn. Ẹ bá mi gbè é:

Ìlú ò ní jí lónìí o,
*Kẹ̀rẹ̀ kẹ́!*
Ayékòótọ́ gbayì mọ́ mi lọ́wọ́,
*Kẹ̀rẹ̀ kẹ́!*
Ó tún fẹ́ gba ọ̀nà Gálílì,
*Kẹ̀rẹ̀ kẹ́!*
Mo pa ẹnu mi dé, ká máa wòran,
*Kẹ̀rẹ̀ kẹ́, kẹ̀rẹ̀ kẹ́!*

"Oyèníyì, ìwọ ò gbè é."

"Mo gbè é, mà! Ohùn mi ló kéré."

"Ohùn rẹ kì í kéré tí oúnjẹ bá délẹ̀."

Ṣé ẹ rí i, ẹni tí Àkùkọ torí rẹ̀ pa ẹnu dé, kò sùn rárá. Ìtàn tí Ayékòótọ́ fẹ́ sọ ò jẹ́ kí ojú rẹ̀ kan oorun. Ó ń retí Àkùkọ títí. Ojú ọ̀run ti ń là bọ̀, ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ní: "Háà! Ẹ̀gbọ́n mi kì í pẹ́ báyìí. Àìsàn ló kọlù wọ́n. Bí ìlú bá pẹ́ jí lọ́jọ́ òní, wọn á bú wọn. Mi ò ní jẹ́ kí ojú tì wọ́n."

Ire ló ń rò sí ẹni tó ń ro ibi sí i.

Ayékòótọ́ fò sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sì mọ̀ pé kò sóhùn tó gbọ́ tí kò lè sín jẹ. Ó la ẹnu: "Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀ẹ́ẹ́ẹ́!" Ohùn Àkùkọ gẹ́lẹ́.

"Yéè!" àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ kígbe.

Ilẹ̀kùn ń ṣí, gbà, gbà, gbà. Fìtílà ń jáde. "Àkùkọ ti kọ o! Jésù jíǹde!" Orin gba ìlú kan.

Àkùkọ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti orí òrùlé ẹlòmíràn. Ó já ilẹ̀kùn jáde. "Èmi kọ́ o! Ẹ padà wọlé! Èmi kọ́ ni mo kọ!"

Gbogbo ìlú dúró. "Ta wá ni?" Tíṣà bèèrè.

Ayékòótọ́ sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni. Mo rò pé ara ẹ̀gbọ́n ò yá, ni mo ṣe bá wọn kọ. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín ò yá ni?"

Ojú gbogbo ìlú wá sára Àkùkọ. Ì bá ní, "Owú ló pa ẹnu mi dé, ẹ forí jì mí." Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Àgbébọ̀ ń wò ó pé kó sọ ọ́. Ojú tì í, ó gbé e mì.

"Ara mi ò yá," ó ní. "Ibà ni."

Àánú ṣe ìlú. Baálẹ̀ ní: "Ẹni tí ibà ń ṣe ló dúró sínú ìrì yìí? Ẹ gbé e wọlé!" Àwọn ìyá arúgbó kó ewé dóńgóyárò, wọ́n se àgbo tó korò jù, wọ́n la ẹnu rẹ̀, wọ́n dà á sí i. Baálẹ̀ fọwọ́ bo ìyẹ́ rẹ̀. "Má dààmú ara rẹ. Sinmi títí ara rẹ á fi le. Ayékòótọ́ á máa bá ọ kọ."

Àkùkọ wà lórí ẹní tó ti ń gbọ́ Ayékòótọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Hi isi rísìnì!" Ìlú sì ń hó yèè. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sí Gálílì, òórùn ìrẹsì ń ta sánsán, Ayékòótọ́ gbé imọ̀ ọ̀pẹ ṣáájú. Àgbébọ̀ náà wé gèlè. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, baálé mi. Àgbo yín wà nínú ìkòkò." Ó bá wọn lọ.

Àkùkọ nìkan ló kù nílé. Ọ̀rọ̀ Gálílì ò dùn ún mọ́. Ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ ló ń pa á: Ayékòótọ́ á máa bá ọ kọ. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ kan tóun ní láyé ti ń bọ́ lọ, òun fúnra òun ló sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ó sunkún, ẹ̀yin ọmọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣú dùdù, kò tíì sí ìdájí níbì kankan, Àkùkọ ti wà lórí òrùlé. "Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀ẹ́! Ara mi ti yá o!"

"Ta nìyẹn?" Ẹnì kan ju bàtà lù ú. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́!"

Ó tún kọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún kọ. Lọ́sàn-án gangan tí wọ́n ń jẹun, ó kọ. "Ara mi ti yá o! Èmi nìyí o! Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn!" Bẹ́ẹ̀ Ayékòótọ́ ò fẹ́ iṣẹ́ yẹn rí, ó ti padà sídìí ìwé rẹ̀. Ó sọ fún Àkùkọ, sọ, sọ, ó rẹ̀ ẹ́. Àkùkọ ò gbà á gbọ́.

"Ìyẹn ni tiwa fi ń kọ lọ́sàn-án!" Àríkẹ́ fò dìde.

"Ìyẹn ni. Ẹ̀rù ṣì ń bà á."

Ìyá Àgbà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. "Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò ṣòro. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá mọ̀wé jù ọ́ lọ, jẹ́ kó kọ́ ọ. Má torí owú pa iṣẹ́ tìrẹ tì, torí iṣẹ́ tó o bá pa tì, ẹlòmíràn á bá ọ ṣe é. Oyèníyì, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá parọ́ mọ́ Àkùkọ, kó má kọ lọ́la. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kó kọ títí inú á fi bí gbogbo yín. Ẹ gbé ẹní yín, ó di ojú oorun."