Iná Mẹ́ta Lẹ́nu Ihò Òkété

"Àlọ́ o!"
"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi sáré títí, ó já sínú ihò Òkété. Òkété ń rọbí lókùnkùn, ó ń ké pé: "Ẹ gbé iná wá o!"

Ológbò fara gbo ewé gbígbẹ. Iná ta pàrà lára rẹ̀, iná náà sì kú lójú ẹsẹ̀.

Àwọn Ìjàlọ tò, wọ́n ń gbé iná lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ó rẹ̀ wọ́n lọ́nà, iná wọn kò dé ihò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé tirẹ̀, ó ń sá síwá, ó ń sá sẹ́yìn. Ó ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

"Mo lọ, mo bọ̀!"
"Kò rẹ̀ mí o!"

"Jókòó, aláìnísinmi!" ni Ológbò àti àwọn Ìjàlọ ń pariwo mọ́ ọn. Àṣé lílọ bíbọ̀ yẹn ló ń ti ìmọ́lẹ̀ síwájú. Ihò mọ́lẹ̀, ọmọ ké.

Iná Ológbò ló ń ta lára aṣọ yín lọ́yẹ́. Ti Ìjàlọ wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń gba orí wáyà wọlé.

Àdùfẹ́, ìwọ tí o kò jókòó látìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń pàlọ́ yìí, máa sá lọ, máa sá bọ̀. Ṣáà má ṣe bíi Ológbò, tí iná rẹ̀ ta lẹ́ẹ̀kan péré tó sì kú.