Ehoro Jẹ Igbó Tó Pè Ní Ẹ̀fọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, ó bá Ehoro àti Ọ̀yà lóko ẹ̀pà.

Ọ̀yà ló gbin ẹ̀pà, kó lè rí nǹkan bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀pà náà yọmọ gan-an. Ehoro ò gbin nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ń dá tòlótòló.

Kí ló wá ṣe? Ó já igbó, ewé tí àwọn kan ń fà bíi sìgá. Ó sá a gbẹ, ó dáná sun ún lẹ́nu ihò Ọ̀yà. Ọ̀yà fa èéfín símú. Láti ẹ̀dọ̀fóró, èéfín di inú ẹ̀jẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀, ó di inú ọpọlọ. Kíá! Ọ̀yà ń dá rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ehoro ń hú ẹ̀pà, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀yà, oko rẹ ń lọ o!
*Wẹ́lẹ́ jàńlá wẹ́lẹ́.*
Kí lọmọ rẹ ó jẹ o?
*Wẹ́lẹ́ jàńlá wẹ́lẹ́.*
Èéfín ti gbé ọ sùn o!
*Wẹ́lẹ́ jàńlá wẹ́lẹ́.*

Nígbà tí ojú Ọ̀yà wálẹ̀, oko ti ṣófo. Ó bú sẹ́kún. Ó rántí orin Ehoro, ó sáré lọ bá Ìyá Ewúrẹ́, àgbà tí kò sí ewé tí kò tíì tọ́ wò. Àwọn méjèèjì gba ilé Ehoro lọ, wọ́n bá igbó tó kù nínú apẹ̀rẹ̀.

"Ehoro, kí lèyí?"

"Ẹ̀fọ́ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Sè é, kó o jẹ ẹ́ ká rí i."

Ehoro rẹ́rìn-ín. Ó da epo sí i, ó sè é, ó jẹ ẹ́. Kò sí nǹkan kan.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ̀fọ́ lásán!" Ló bá tún bù ú, ló jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀yà dìde, ó fẹ́ máa lọ. Ìyá Ewúrẹ́ fà á láṣọ.

"Jókòó, ọmọ mi. Èéfín ló ń sáré. Èyí tí a bá jẹ, inú ló kọ́kọ́ ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀ á wá gbà á, á sọ ọ́ di ohun tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Wọ́n jókòó. Oòrùn yẹ̀. Lójijì, Ehoro figbe ta! Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ojú rẹ̀ là ràngàndàn. Ewé gbígbẹ kan já bọ́, Ehoro fò sókè.

"Ẹ má pa mí! Èmi ni mo jí i! Ẹ̀pà wà lẹ́yìn ilé!"

Ló bá sá wọ inú ijù. Ọ̀yà kó ẹ̀pà rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀dọ̀ Ehoro sa gbogbo ipá rẹ̀, ó lé púpọ̀ jáde nínú ewé náà. Ṣùgbọ́n ìyókù ti sá pamọ́ sínú ọ̀rá, ibẹ̀ ló ti ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú Ehoro fi là sílẹ̀ títí dòní, tó fi ń ta gìrì bí koríko bá mì.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí jókòó sí nìyẹn. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí orin mi má rẹ́ni gbè é.