Ẹrú Tí Ó Fi Igbá Gbé Ọmọ Ọba Sódò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹ gbe orin rẹ̀ fún mi dáadáa. Ààlọ́ mi rìn títí, kò dúró lórí ẹlòmíràn bí kò ṣe Omíkúnlé, ẹrú ọba, àti Arínládé, ọmọ ọba.

Ní ayé àtijọ́, igbá ńlá ni wọ́n fi ń kọjá odò nígbà òjò. Èrò á gbé àyà lé igbá. Ẹni tó ń tu igbá á wà ní ìhà kejì, á di èrò náà lápá mú, á máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Omíkúnlé ló ń tu igbá fún ìlú ọba náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà, òun ló ń fi òkúta tó ṣeé tẹ̀ han Arínládé. Ẹ̀ẹ̀rùn kìíní, wọ́n kí ara wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì, wọ́n bá ara wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, kò ṣeé bò mọ́.

Ọba gbọ́. Ó ní, "Ọjọ́ tí ọwọ́ ẹrú bá kan ara ọmọ mi, ọjọ́ náà ni orí rẹ̀ yóò kúrò lọ́rùn rẹ̀." Ó sì fi Arínládé fún ìjòyè arúgbó kan ní òkè odò.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, odò kún dẹ́múdẹ́mú. Ọba dúró ní èbúté. Àwọn ẹmẹsẹ̀ rẹ̀ mú àdá dúró ní èbúté méjèèjì.

"Gbé e kọjá," ni ọba wí fún Omíkúnlé, "ṣùgbọ́n igbá nìkan ni kí o dì mú."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Ta ní ń gbé èrò kọjá odò láì dì í mú? Ṣùgbọ́n ta ni yóò wí i fún ọba? Omíkúnlé di etí igbá mú, àwọn méjèèjì sì bọ́ sínú omi.

Wọ́n dé àárín odò, ọwọ́ Arínládé yọ̀ lára igbá. Ó figbe orin ta:

*Bàbá mi ọba, ẹ mú òfin yín kúrò,*
Omi ń kún bọ̀.
*Ọwọ́ ẹrú kọ́ ló ń pa mí,*
Omi ń kún bọ̀.
*Òfin bàbá mi ló ń pa mí,*
Omi ń kún bọ̀.

Ọba gbọ́, kò dáhùn. Omi mu Arínládé dé àgbọ̀n, ó tún kọ ọ́. Ọba wo ojú àwọn ìjòyè, ìtìjú mú un, kò dáhùn. Arínládé kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, omi wọ ẹnu rẹ̀, orin gé.

Omíkúnlé wo àdá níhìn-ín, ó wo àdá lọ́hùn-ún. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó di Arínládé lápá mú.

"Ọmọ ọba, èbúté méjèèjì, ikú mi ni."

"Má gúnlẹ̀ sí ìkankan," ni Arínládé fèsì.

Odò gbé wọn lọ, ó gbé wọn lọ, ó gbé wọn kọjá ibi tí ojú ọba lè tó. Ìgbà yẹn ni ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo: "Omíkúnlé, dì í mú! Mo ní kí o dì í mú o!" Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbọ́.

Wọ́n gúnlẹ̀ láàyè sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n bímọ síbẹ̀. Ọba kò mọ̀, ó gbà pé odò ti gbé ọmọ òun mì. Títí ó fi kú, bí òjò bá ti rọ̀, á jáde lọ sí èbúté, á máa pariwo sí omi pé, "Dì í mú o!"

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí á má jẹ́ kí ìgbéraga di wá lẹ́nu nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba ọmọ ẹni là. Ibi tí odò gbé ààlọ́ mi dé nìyí.