Fọlárìn Yọjú Síbi Gbogbo

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Fọlárìn mọ òwe náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó rò pé ọdẹ nìkan ló ń bá wí.

Ìyá rẹ̀ kò ríran mọ́. Fọlárìn kì í sábà sí nílé, nítorí náà Ìyá Lékè, aládùúgbò wọn, ló ń bá a ka ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin ìyá náà ń kọ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù láti òkè òkun. Nígbà tí Fọlárìn ń lọ sí àpérò ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, ìyá dì í lọ́wọ́ mú.

"Wọ́n ní wọ́n á kọ́ni níbẹ̀ bí fóònù ṣe ń ka Yorùbá sókè. Bá mi kọ́ ọ wá, kí n yé gbọ́ àṣírí ọmọ mi lẹ́nu ará ìta."

Gbọ̀ngàn mẹ́ta ni iṣẹ́ ti ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ìyá wí wà nínú àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ Fọlárìn ń sọ̀rọ̀ nínú èkejì, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wà nínú ẹ̀kẹta.

Ó ní, "Bí mi ò bá yọjú sí wọn, wọ́n á ní mo fojú di àwọn."

Ló bá sọ àpérò di òde ìnáwó. Ó jókòó díẹ̀ níhìn-ín, ó kí tọ̀hún, ó bá wọn ya fọ́tò. Ìgbà tó fi padà sí gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ìdágbére.

Nílé, ìyá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na fóònù sí i. "Ọmọ mi, jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Màmá, gbogbo wọn ló rí mi níbẹ̀."

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ó dáa. Bá mi pe Ìyá Lékè wá."