Agẹmọ Wá Ìwọ̀n Ẹ̀kùrọ́ Mẹ́ta

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi dá lórí Agẹmọ, ẹni tí ń wọn nǹkan láàfin Erin. Ẹ kó ẹsẹ̀ yín kúrò nínú eérú, kí ẹ máa gbe orin rẹ̀.

Òkúta mẹ́rin kan wà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Méjì kì í fẹ́ rí ara wọn: bí èkíní bá dé, èkejì á fò sẹ́yìn, pàrà. Méjì yòókù jẹ́ jẹ́jẹ́. Erin fẹ́ kí wọ́n di ìlẹ̀kẹ̀ kan fún ọrùn òun. Agẹmọ fi ẹ̀kùrọ́ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkúta kan, ọgọ́rùn-ún ẹ̀kùrọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irínwó.

Àwọn jẹ́jẹ́ bọ́ sáàárín àwọn oníjà, wọ́n dì mọ́ra gbágbá. Ìmọ́lẹ̀ kọ mànà! Ọyẹ́ ń mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n Erin tú aṣọ òtútù rẹ̀. Ó ní, "Ara mi mà móoru."

Agẹmọ wọn ìlẹ̀kẹ̀ náà: irínwó ó dín mẹ́ta.

Òkété ìjòyè ní, "Kábíyèsí, ẹ wo ahọ́n Agẹmọ bó ṣe gùn. Ó ti lá a."

Erin ní, "Agẹmọ, wá ìwọ̀n ẹ̀kùrọ́ mẹ́ta mi jáde kí oòrùn tó wọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá fi ìlú sílẹ̀."

"Màá wá a, Kábíyèsí. Mi ò lọ síbì kan."

Ó gbálẹ̀ ààfin, ṣáá, ṣáá. Kò rí èérún. Ó kọrin:

Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n
— Ó dín mẹ́ta
Mi ò lá a, mi ò jí i
— Ó dín mẹ́ta
Níbo ló gbà jáde?
— Ó dín mẹ́ta

Ó tún òṣùwọ̀n so, ó pààrọ̀ ẹ̀kùrọ́. Irínwó ó dín mẹ́ta. Ó tún kọrin. Òkété ní, "Máa kọrin lọ, ṣáà máa fi di ẹrù rẹ."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun máa tú wọn ká. Ó fà wọ́n, wọn ò gbọ́. Ó gbé wọn lọ sílé alágbẹ̀dẹ, ó kì wọ́n bọ iná, ó fín ẹwìrì, fùù, fùù, fùù. Ó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àfi pàù! Wọ́n tú ká, ẹyinná sì dúdú pii. Ó wọ̀n wọ́n. Irínwó géérégé.

Agẹmọ ránṣẹ́ pe Erin àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ooru iná yìí wọnú wọn, ìwọ̀n wọn sì pé. Láàárọ̀ tí wọ́n dì mọ́ra, ta ló ní ara òun móoru?"

Erin wúkọ́. Ó ní, "Èmi ni."

"Ooru yẹn ni ìwọ̀n mẹ́ta náà. Ẹ̀yin náà lẹ yá a tán, bàbá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òkété wá ihò wọ̀, ibẹ̀ ló wà di òní. Agẹmọ kò kúrò nílùú. Títí dòní, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan, á mì síwájú, á mì sẹ́yìn: ó ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé. Kí ẹ tó pe ẹnìkan lólè, ẹ wo ohun tí ẹ̀yin náà ti jẹ níbẹ̀. Bí ọmọ ìyá bá sì fẹ́ dì mọ́ra, kálukú ní láti yọ̀ǹda díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú wọn ká, yóò kọ́kọ́ dá díẹ̀ náà padà.

Bí mo bá fi ẹyọ ẹ̀kùrọ́ kan kún ìtàn yìí, ẹ lọ wọ̀n ọ́n.