Òkété àti Ọgbà Lápálápá

Ọdún tí eṣú jẹ oko bàbá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí. Eyín mi ò tíì hù tán nígbà náà. Nísinsìnyí tí mo fẹ́ pa á fún yín, wọ́n ti ká tán. Ẹ ṣáà máa fetí sí mi dáadáa.

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó yà sílé Òkété, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bí àpò.

Ní ìgbà kan rí, ewúro ni gbogbo ẹranko fi ń ṣe ọgbà yí ilé wọn ká. Ẹni tó bá ń kọjá a já ewé tí yóò fi se ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi í. Èyí ń dun Òkété. Ó hú ewúro tirẹ̀, ó gbin lápálápá. Nígbà tó rí i pé ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́, ojúkòkòrò tún gbé e. Ó ní kí gbogbo ìlú máa fi iṣu gba igi náà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n lọ gbìn ín.

Ìgbín, ìyá àgbà, ní: "Òkété, ọmọ tó bá jẹ ewúro, ẹnu rẹ̀ ni yóò korò. Èso tìrẹ yìí ńkọ́? Mo ní ọmọ-ọmọ tó ń rákò, kò sí ohun tí kì í kì sẹ́nu."

"Ìyá, gbogbo ara yín ló lọ́ra, ìbẹ̀rù yín nìkan ló yá."

Òkété ti tọ́jú ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó já èso lápálápá, ó ṣe bí ẹni ń jù ú sẹ́nu, ó fi í pamọ́ sọ́wọ́, ó wá ń rún ẹ̀pà. "Ó dùn," ni ó wí. Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń wo bàbá wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n já èso náà, wọ́n jẹ ẹ́ yó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ń bì, wọ́n ń ṣu, ojú wọn ti jìn wọnú.

Àmọ̀kẹ́, ìyàwó Òkété, di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú lójú èrò. "Olówó orí mi, ẹ jẹ ẹ́ lánàá, ẹ ò bì. Kí lẹ lò sí i? Ẹ fún àwọn ọmọ."

Òkété wo òkìtì iṣu, ó wo àwọn ọmọ. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀pà tó ṣẹ́kù já bọ́ sílẹ̀.

"Mi ò lo nǹkan kan. Ẹ̀pà ni mo jẹ. Èmi ọlọ́gbọ́n ìlú, ilé ara mi ni mo gbọ́n tì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìgbín ní: "Ẹ má dúró dè mí. Ẹ gbé wọn sáré lọ bá oníṣègùn."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó fẹ́ gbin ọgbà sílé tọ́mọdé wà, kó rò ó pé ọmọ yóò jẹ ẹ́, nítorí yóò jẹ ẹ́. Olóríkunkun ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ewúro ló yí ilé mi ká.

Gbogbo iṣu padà sílé oníṣu. Ọmọ mẹ́fà ló jẹ èso náà. Márùn-ún ló padà wálé.