Màlúù Tí Ara Rẹ̀ Le

Ọkùnrin kan wà ní ìhà Òkè-Ògùn tó ń sin màlúù nítorí wàrà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fún wàrà wọn láràárọ̀, tó ń fi ewé bomubomu sè é títí á fi dì di wàràǹkàṣì, tí àwọn èèyàn sì ń wá rà á nílé.

Àwọn ará abúlé máa ń yin ọkùnrin yìí. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ẹran ju ara rẹ̀ lọ. Wọn ò purọ́. Bí màlúù kan bá ṣubú, á pa gbogbo iṣẹ́ tì. Á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà, á máa bu omi sí i lẹ́nu, á máa lé eṣinṣin lójú rẹ̀. Ó ti gbé ọmọ màlúù kan láti odò délé rí nínú òjò, tí ìyẹn ń tọ̀ sí i láyà ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n màlúù tí kò ṣàìsàn, kò ní nǹkan kan í bá a ṣe. Ó lè gba àárín wọn kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ kó má wo ojú ọ̀kan. Lójú tirẹ̀, ẹran tó bá ti ń jẹun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí.

Lọ́dún kan, obìnrin dókítà ẹran kan wá láti yunifásítì. Kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó gun alùpùpù wá, ó so kúlà kan tó kún fún yìnyín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kí ọkùnrin náà, ó sì sọ ohun tó gbé e wá.

Ó ní, “Bàbá, àìsàn ọmú kan ń bá àwọn màlúù jà ní agbègbè yìí. Kì í kọ́kọ́ fara hàn. Màlúù á máa jẹun, á máa rìn, wàrà á máa jáde. Kí ọmú tó wú, inú rẹ̀ á ti bàjẹ́. Àmì tó ń ṣáájú wíwú yẹn ni à ń wá.”

Ọkùnrin náà bi í pé, “Irú àmì wo?”

“Oríṣiríṣi purotéènì ló wà nínú wàrà àti nínú ẹ̀jẹ̀. Ojú wa ò lè rí wọn, ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rọ tó lè sọ irú èyí tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Bí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àìsàn jà, àwọn kan nínú wọn á pọ̀ sí i, àwọn mìíràn á dín kù. Tí a bá mọ èyí tó ń kọ́kọ́ yí padà, a ó mọ̀ pé àìsàn ti dé kí màlúù fúnra rẹ̀ tó mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọkùnrin náà. Ó mú dókítà lọ sọ́dọ̀ màlúù méjì tí ara wọn kò yá, ó di wọ́n mú fún un, dókítà sì gba wàrà àti ẹ̀jẹ̀ wọn sínú ìgò kéékèèké.

Dókítà ní, “Ó ku àwọn yòókù.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn tí ara wọn le. Mo fẹ́ máa gba díẹ̀ nínú wàrà gbogbo wọn lóṣooṣù, fún ọdún kan.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Dókítà, ta ló ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lọ sí ọsibítù? Ẹ ti gba ti aláìsàn. Ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀ kí wọ́n rójú jẹun.”

“Bàbá, tí mi ò bá mọ bí wọ́n ṣe rí nígbà tí ara wọn le, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá le mọ́?”

“Ẹ wò wọ́n lójú,” ọkùnrin náà dáhùn. “Màlúù kì í fi àìsàn pa mọ́.”

Dókítà dúpẹ́, ó sì lọ.

Opó kan wà ní òdìkejì odò, màlúù méje péré ló ní. Nígbà tí dókítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, opó náà kó gbogbo wọn jáde. Ó di orí wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n han dókítà bí ẹni tó ń fi ọmọ han àlejò. Ó ní, “Eléyìí máa ń tàpá sí garawa láràárọ̀, má bínú sí i, ọmọ mi. Tọ̀hún yẹn, tí èèyàn ò bá kọrin fún un, kì í jẹ́ kí wọ́n fún wàrà òun.” Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, títí kan orin náà.

Ó di oṣù karùn-ún tí dókítà ti ń wá gba wàrà wọn lóṣooṣù. Dókítà sáré padà wá sọ́dọ̀ opó náà, ó ní kó má ta wàrà màlúù tó ń tàpá yẹn. Ó ṣàlàyé pé láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin, purotéènì kan nínú wàrà rẹ̀ wà lójú kan, ṣùgbọ́n lóṣù yìí, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Opó náà wo màlúù. Màlúù ń jẹ koríko tirẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló ṣì tàpá sí garawa. Síbẹ̀, obìnrin náà gbà. Dókítà fi oògùn sí i lọ́mú, wọ́n da wàrà rẹ̀ nù fún ọjọ́ díẹ̀, purotéènì náà sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin tí mò ń sọ yìí gbọ́, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Ó ní, “Ẹ wá gbọ́ ìtàn. Wọ́n fún màlúù tí kò ṣàìsàn lóògùn, ó sì yá.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí opó, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ fún wàrà rẹ̀.

Nígbà tó di àkókò òjò, àìsàn náà wọ agbo ọkùnrin yìí. Ìyálóde ló kọ́kọ́ mú, màlúù tó ń mú wàrà wá ju gbogbo wọn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmú rẹ̀ ti wú, ó gbóná, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ dà bí ògì tí ẹ̀jẹ̀ kán sí. Ọkùnrin náà tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà.

Dókítà yẹ Ìyálóde wò tán. Ó wá ní, “Kò ní kú. Ṣùgbọ́n méjì nínú orí ọmú rẹ̀ mẹ́rin ti bàjẹ́. Wàrà ò lè gba ibẹ̀ jáde mọ́.”

Ọkùnrin náà da ojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó bi í pé, “Láti ìgbà wo ló ti wà lára rẹ̀?”

“Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì ń gbà kọjá lójoojúmọ́,” ọkùnrin náà wí. Lẹ́yìn náà ló dìde. “Ẹ yẹ gbogbo wọn wò. Lónìí yìí.”

Dókítà gba wàrà gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó gbé ìwé kan dé. Ó ní àwọn mẹ́rìndínlógún kò ní nǹkan kan, purotéènì tó ń fi àìsàn náà hàn kéré nínú wàrà wọn. Ó ku mẹ́fà.

Ó ní, “Bàbá, àwọn mẹ́fà yìí ni mi ò lè sọ nǹkan kan pàtó lé lórí. Iye tiwọn ò kéré, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ wo eléyìí, mẹ́jọ ni tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn àwọn kan máa ń lọ sókè, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń jà? Ó sì lè jẹ́ pé méjì ló jẹ́ lóṣù tó kọjá, tí àìsàn ti gbé e dé mẹ́jọ. Ìwé yìí ò lè sọ fún mi. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí ara rẹ̀ le.”

“Ká kúkú fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lóògùn.”

“Rárá o. Wàrà wọn á ṣòfò, oògùn tí a bá sì ń lò nílòkulò, ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an, kì í ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ń sìn wọ́n, Bàbá. Ǹjẹ́ ohun kan ti yàtọ̀ lára èyíkéyìí nínú wọn?”

Ọkùnrin náà wo àwọn màlúù mẹ́fà náà. Ó lè sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ṣubú rí, ọjọ́ tó ṣubú, àti oògùn tó lò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wà nígbà tí wọn ò ṣubú, kò rí nǹkan kan sọ. Kò tilẹ̀ dá a lójú èwo nínú àwọn pupa méjì yẹn ni ìyá, èwo sì ni ọmọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń fọ ìkòkò nítòsí. Ó ní, “Ẹ ò ṣe bi èmi?”

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó sì sún mọ́ wọn.

Ó ní, “Èyí tẹ́ ẹ pè ní mẹ́jọ yìí, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Elétí Gígùn yìí lẹ máa wò. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún báyìí tí wàrà rẹ̀ kì í tètè dì. Mo máa fi ewé sí i, mo máa dúró títí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aláwọ̀ eérú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wà nídìí igi lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ Àìkú, kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan apá òsì ọmú òun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó ní sùúrù tó o nínú gbogbo wọn.”

Dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ó tún gba wàrà àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èsì dé. Àwọn mẹ́ta tí obìnrin náà tọ́ka sí, purotéènì tiwọn ti lọ sókè. Àwọn mẹ́ta tó kù wà bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n tọ́jú àwọn mẹ́ta náà, gbogbo wọn sì yá, kò sí èyí tí orí ọmú rẹ̀ bàjẹ́.

Nígbà tí dókítà lọ tán, ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Mojí, o mọ gbogbo èyí, o ò sì sọ fún mi.”

“Ẹ ò bi mí ni, Bàbá Mojí,” ìyàwó rẹ̀ dáhùn. “Àfi tí màlúù bá ṣubú ni èmi pẹ̀lú yín máa ń sọ̀rọ̀ màlúù. Tí kò bá sí èyí tó ṣubú, ẹ ti máa ń jáde lọ kí n tó la ẹnu.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fún wàrà. Màlúù àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn tì í ṣubú. Ó dìde, ó tún padà síbẹ̀. Ó kọ́ bí wàrà ṣe ń dì, ó sì mọ èyí tó ń tètè dì àti èyí tó ń pẹ́. Ó ní kí dókítà máa gba ti gbogbo wọn lóṣooṣù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń di orí wọn mú. Ìyálóde bí abo ọmọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orí ọmú méjì tó kù sì tó ọmọ náà mu yó.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà mọ àwọn màlúù rẹ̀ débi pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Bó bá pàdé ẹnì kan lọ́nà, á ní, “Ṣé ẹ mọ̀ pé Elétí Gígùn kì í mu omi lódò tí kò bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ débẹ̀?” Onítọ̀hún á ní òun ń kánjú. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í kánjú. Láràárọ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa fún wàrà, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò lórí màlúù nìkan.

Àlàdé, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. O wá bá mi lónìí, inú ń bí ọ. O ní àbúrò rẹ obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kò sọ fún ọ, ẹnu ará ìta lo ti gbọ́ ọ. O ní ẹni tó mọ̀ pé o fẹ́ràn òun, kí ló dé tó fi fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ?

Mi ò bá ọ jiyàn ìfẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìwọ lo kọ́kọ́ dé ọsibítù, ìwọ lo sì kẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Gbogbo wa la rí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti pè é? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ fún mi: o pè é nígbà tí àna yín kú, o sì pè é nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé bàbá yín. Ó ti mọ̀ pé bí orúkọ rẹ bá yọ lórí fóònù, nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan. O ò mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ohùn rẹ̀ wá yí padà, kí lo fẹ́ fi mọ̀?

Ìtọ́jú aláìsàn dára, má sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí o kò bá jókòó tì nígbà tí ara rẹ̀ le, o ò ní mọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, má lọ bá a jà ní Àkúrẹ́. Kó o tó kúrò níwájú mi yìí, pè é. Má dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Bi í léèrè ohun tó jẹ lọ́sàn-án, kó o sì jẹ́ kó rò ó dópin. Pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já. Á bi ọ́ pé, “Bọ̀dá mi, kí ló ṣẹlẹ̀?” Sọ fún un pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.